Ẹni Tó Fọ́ Ìkòkò Aró Pàápàá, Ọ̀ṣun Gbà Á Lálejò

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí: bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gba àlejò ní àwọn ojúbọ àti ibi àtijọ́ tí gbogbo ayé ń wá wò.

Ẹ jẹ́ ká ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn Lároóyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ. Omi ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ń gé igi, igi kan wó sínú odò, ni wọ́n bá gbọ́ ohùn láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Àlejò ni wọ́n, wọn ò tọrọ ààyè, wọ́n sì ti ba ẹrù onílé jẹ́. Síbẹ̀, Ọ̀ṣun ò lé wọn. Ó ní kí wọ́n sún kúrò létí omi díẹ̀, ó sì bá wọn dá májẹ̀mú pé òun á dáàbò bò wọ́n. Májẹ̀mú yẹn ló di ìlú. Òun náà ló di ọdún tí Àtàọ́ja àti Arugbá ń ṣe lóṣù kẹjọ ọdọọdún títí dòní.

Nígbà tó yá, àlejò mìíràn tún dé. Ará Austria ni, Susanne Wenger lorúkọ rẹ̀, ọdún 1950 ló sì dé Nàìjíríà. Àìsàn dá a gúnlẹ̀. Ajàgẹmọ Ẹdẹ, àgbà ọlọ́bàtálá, gbà á mọ́ra, kò wo àwọ̀ rẹ̀, kò bi í pé kí ló mú òyìnbó dé ìdí òrìṣà. Òun la wá ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Nígbà tí igbó Ọ̀ṣun ń run lọ, tí àwọn kan ń gé igi, tí àwọn kan ń wá ilẹ̀ tà, òun àti àwọn ọmọ Yorùbá bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló tún ojúbọ ṣe, tí wọ́n mọ ère síbẹ̀. Lọ́dún 1965, ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún gbogbo ayé, gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àdùnní wọ káà ilẹ̀ lẹ́ni ọdún 93.

Àlejò ló tẹ ìlú yẹn dó. Àlejò sì wà lára àwọn tó gba igbó náà là. Bí ẹnì kan bá wà láyé yìí tó yẹ kó mọ iyì àlejò, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òrìṣà ni.

Ohun tí ojú wa rí wá ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, àwa mọ́kànlá láti agboolé wa lọ sí ibi àtijọ́ kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Ìyá tó dàgbà jù nínú wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Owó àjọ ló kó tó fi wọkọ̀. Obì àti omi tútù wà nínú àpò ẹ̀. A dé ẹnu ọ̀nà, a kí wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ò dáhùn, fóònù ló ń tẹ̀. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ̀yin mélòó? Owó dà?" A sanwó, kò já rìsíìtì fún wa. A rìn díẹ̀, ẹlòmíì tún ní ká sanwó fóònù tá a fẹ́ fi ya fọ́tò. Nígbà tí ìyá wá kúnlẹ̀ níwájú ojúbọ, tó ń yọ obì, ẹni tó ń mú wa kiri jágbe mọ́ ọn: "Màmá, kò sáyè ìyẹn níbí o! Ẹ ya fọ́tò yín, kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa lọ, àwọn òyìnbó ń dúró." Ọmọ tí ìyá lè bí ní ìran kẹta ló ń bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá dá obì padà sápò. Kò fọhùn títí a fi délé.

Owó kọ́ ló ká mi lára jù. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wà láàrin wa. Inú ọkọ̀ ló ti bi mí pé, "Ṣé ibẹ̀ kì í ṣe ti Màmá ni?" Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ ìbéèrè yẹn. Ọdún mélòó la fi ń kọ́ ọmọ pé òrìṣà kì í ṣe ohun ìtìjú? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tó sorí kunkun lè tú u ká.

Ká má purọ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà ní tiwọn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń dúró nínú oòrùn. Àlejò kan á ju ọ̀rá píọ̀wọ́tà sílẹ̀, òmíràn á gun ère, òmíràn á wá fi òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú wọn. Ìyẹn á sú èèyàn. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ohùn líle tiwọn ló dá obì ìyá padà sápò.

Ohun mìíràn tó ń fà á ni pé ọwọ́ méjì ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ojúbọ wọ̀nyí. Ọ̀kan ni ti ìjọba, èkejì ni ti ààfin àti àwọn àwòrò. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ tíkẹ́ẹ̀tì, àwòrò mọ òrìṣà. Bí àwọn méjèèjì ò bá jókòó papọ̀, àárín wọn ni ẹni tó wá bọ òrìṣà máa bọ́ sí.

Ó ṣeé tún ṣe. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkúta ńláńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Stonehenge, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Druid, àti àwọn mìíràn máa ń fẹ́ péjọ síbẹ̀ lóṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí ojúmọ́ gùn jù lọ́dún. Lọ́dún 1985, ọlọ́pàá dènà mọ́ àwọn tó ń lọ síbẹ̀, wọ́n lu èèyàn, wọ́n sì mú àwọn tó lé ní 500. Ìjà yẹn ò rọlẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìpàdé lórí ìpàdé ló tán an. Láti ọdún 2000, àjọ English Heritage tó ń tọ́jú ibẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn fún wọn lóru ọjọ́ yẹn, lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ yòókù, ẹni tó wá wòran ń san owó tirẹ̀. Àyè wà fún awòran, àyè wà fún ẹni tó wá bọ.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Mọ́níyà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, ọ̀dọ̀ wa níbí ni èrò ń sọ̀ sí, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Àwọn ọmọ òrìṣà ń ti Brazil àti Kúbà wá. Wọ́n ń ti Amẹ́ríkà wá, níbi tí wọ́n ti dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀ ní South Carolina lọ́dún 1970. Ilé ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé agboolé wa tá a wò wọ́n bí àpò owó, tá a sọ obì igba náírà di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, kí la fi sàn ju ọmọkùnrin ìdí tábìlì lọ?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ lọ bá àwọn alábòójútó ibi àtijọ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún ẹni tó wá bọ. Kẹ́ ẹ tó kó èrò lọ, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá sanwó, ẹ béèrè rìsíìtì pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má ṣe jà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó gbọ́ ìtàn, tó gbọ́ èdè, ẹ wáṣẹ́ lọ síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé ọmọ ilé ló ń mú àlejò kiri. Nínú ilé tiwa, kí omi tútù ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ẹ sì kọ́ ọmọ láti kí àlejò kó tó bi í ní ìbéèrè.

Ọ̀ṣun ò gba owó ìkòkò lọ́wọ́ Lároóyè kó tó bá a sọ̀rọ̀. Kí Yèyé jẹ́ ká fìwà jọ òun. Àṣẹ.