Bí Tẹlifóònù Ilé Bá Dákẹ́

Ní Ìfọ̀nyìn wa yìí, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, tẹlifóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé OPT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù títí di ọdún 2004, nígbà tí wọ́n pín in, tí iṣẹ́ tẹlifóònù sì bọ́ sọ́wọ́ Bénin Télécoms. Nígbà náà, tẹlifóònù oníwáyà kan lè máa gba ìpè fún odidi àdúgbò. Ọmọ tó wà ní Kútọnu àti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Èkó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń pè sí. Bí ó bá dákẹ́, ìròyìn àìsàn lè pẹ́ kí ó tó dé etí ẹni tó yẹ.

Bí ilé tàbí ìsọ̀ yín bá ṣì ní irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí bí ó bá bàjẹ́: ṣé inú ilé ni àbùkù náà wà ni, tàbí ìta? Èyí tó wà nínú ilé, ẹ̀yin ni ẹ máa tún un ṣe. Èyí tó wà níta, ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè sanwó fún oníṣẹ́ lórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Wáyà bàbà tín-ín-rín méjì ló ti ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù wá sí ilé yín. Agbára iná díẹ̀, bíi fóltì 48, ń gba inú wọn wá. Ìdí nìyẹn tí tẹlifóònù àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ bí iná SBEE tilẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gbé e sétí, wáyà méjèèjì so pọ̀ nínú rẹ̀, iná á ṣàn, ilé ẹ̀rọ á mọ̀ pé ẹ fẹ́ pe ènìyàn, á sì fi ohùn "hùùù" ránṣẹ́ sí yín. Nítorí náà, bí wáyà méjèèjì bá ń fara kan ara wọn níbi kan, ilé ẹ̀rọ á rò pé ẹ ti gbé tẹlifóònù. Bí ọ̀kan bá sì já, kò sí ohun tí yóò kọjá rárá.

Ẹ ní kí ẹnì kan fi tẹlifóònù alágbèéká pe ilé yín. Bí òun bá gbọ́ pé ó ń dún, ṣùgbọ́n tí ti ilé kò dún, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti já. Bí ó bá gbọ́ pé ẹnì kan ń lò ó, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó, wáyà ti fara kanra, tàbí ọmọdé kan ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀ ní yàrá kejì. Ẹ wo ti yàrá kejì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ẹ ti san owó oṣù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ síbi tí wáyà ti wọ ilé. Àpótí kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ yọ gbogbo tẹlifóònù kúrò. Ẹ tú wáyà tó ti àpótí náà lọ sí àwọn yàrá, kí ẹ sì kọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ibi tó wà sílẹ̀. Kí ọwọ́ yín gbẹ, kí ẹ má sì di ẹnu wáyà mú ní ìhòòhò: bí ẹnì kan bá pè lákòókò náà, iná tó ń mú agogo dún lè ju fóltì 70 lọ, yóò sì gbọ̀n yín jìgìjìgì. Ẹ wá so tẹlifóònù kan tó dára mọ́ àpótí náà. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ìta ni àbùkù wà. Ẹ dúró níbẹ̀. Bí ohùn bá dáa, inú ilé ni. Ẹ máa dá wáyà àti tẹlifóònù padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ so tí ohùn fi bàjẹ́ ni ẹ̀ ń wá.

Wáyà yàrá tí ẹ fura sí, ẹ lè fi tọ́ọ̀ṣì dán an wò. Ẹ rí i pé kò so mọ́ ohunkóhun lápá méjèèjì. Ẹ lọ́ ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀ ní apá kan. Ní apá kejì, ẹ fi bátìrì méjì àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì sí àárín. Bí gílóòbù bá tàn, wáyà kò já. Ẹ wá tú ibi tí ẹ lọ́ pọ̀. Bí ó bá ṣì ń tàn, wọ́n ń kan ara wọn níbi kan. Eku ló sábà máa ń ṣe é, tàbí ìṣó tí a kàn mọ́ ògiri láìwo ibi tí wáyà gbà.

Bí ohùn bá ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, pàápàá lẹ́yìn òjò, ẹ wo àwọn oríko wáyà. Omi máa ń mú kí bàbà hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Ẹ ha á títí yóò fi dán, ẹ lọ́ ọ pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù oníná dì í. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oríko méjèèjì ṣe déédéé ara wọn. Kí ọ̀kan wà lókè, kí èkejì wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Níbi tí wáyà ti fẹ́ wọ ògiri, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọlé, kí òjò máa kán síta. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ ni kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Bí òjò bá ṣú tí àrá sì ń sán, ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ẹ má sì gbé tẹlifóònù oníwáyà sétí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tiwọn lórí àrá. Ohun tí àwa mọ̀ ni pé wáyà bàbà tó gùn láti orí òpó lè gbé e wọlé.

Bí ìta bá ni àbùkù wà, ẹ mú ìwé yín, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó lọ fi sun ilé-iṣẹ́: nọ́ńbà tẹlifóònù yín, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá òjò rọ̀, ohun tí ẹni tó pè yín gbọ́, àti pé ẹ ti dán an wò níbi àpótí.