Ojú-ìwé Kan, Òfin Méjì: Ìkìlọ̀ fún Àwọn tí Ń Kọ Driver

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ajah, níbi tí ilé ń hù bí olú. Ìwé gbèsè ńlá kan ni ó wà níbẹ̀. Akọ̀wé kìíní kì í ṣiṣẹ́ nínú ìwé ńlá náà. Yóò da ojú-ìwé tí ó fẹ́ lò kọ sínú ìwé kékeré tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ṣe àtúnṣe sí i níbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì dà á padà. Akọ̀wé kejì kì í lo ìwé kékeré; inú ìwé ńlá ni ó ń kọ sí tààrà. Kò sí àṣà tí ó burú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá ń lo ojú-ìwé kan náà, oníbàárà tí ó san owó lọ́sàn-án, tí akọ̀wé kejì sì kọ ọ́ sílẹ̀, yóò tún di onígbèsè ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí akọ̀wé kìíní bá fi ojú-ìwé àtijọ́ bo tuntun mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà. Ibi ìrántí rẹ̀ ni ìwé ńlá. A pín in sí ojú-ìwé, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn sì gba 4,096 báìtì. Processor, tí í ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ náà, yára ju ibi ìrántí lọ jìnnà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi cache sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé kékeré. Ojú-ìwé tí a pè ní write-back a máa gba inú cache kọjá. Èyí tí a pè ní uncached kì í gbà á kọjá rárá. Ẹ̀kẹta, write-combining, kì í dúró sínú cache, ṣùgbọ́n a máa ń kó ohun tí a kọ jọ kí a tó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí wúlò fún àwòrán ojú ẹ̀rọ.

Àdírẹ́sì tí processor ń lò ni ó ń gbé irú cache dání, kì í ṣe ojú-ìwé fúnra rẹ̀. Àdírẹ́sì méjì sì lè tọ́ka sí ojú-ìwé kan. Driver ni ètò tí ń darí àwọn ẹ̀rọ bí i ti àwòrán tàbí ti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá fi uncached mú ojú-ìwé tí Linux tàbí Windows ti fi write-back mú, akọ̀wé méjì ti dé ìdí ìwé kan nìyẹn. Ìwé ìtọ́sọ́nà Intel àti ti ARM pàápàá kìlọ̀ fún irú àṣà yìí.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Èmi kò lo àdírẹ́sì àkọ́kọ́ yẹn mọ́, kí ni ó kàn mí?” Ọ̀rọ̀ AMD Athlon ti dá a lóhùn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2002, ó hàn sí àwọn tí ń lo Linux pé kọ̀ǹpútà wọn ń dákú bí wọ́n bá lo ẹ̀rọ àwòrán AGP. Linux ti fi ojú-ìwé ńláńlá, 4 MB, mú ibi ìrántí náà ní write-back. AGP sì ń lo apá kan nínú rẹ̀ láìgba cache kọjá. Processor a máa méfò ohun tí a óò ṣe kí a tó ṣe é. Nípa ìméfò yìí ni ó fi ń fa ojú-ìwé náà wọ cache, tí ó ń sàmì sí i pé ó ti yí padà, tí ó sì ń dá a padà bo ohun tuntun mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un. Pípa àwọn ojú-ìwé 4 MB náà tì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mem=nopentium, ni wọ́n fi ń tù ú lójú nígbà náà.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Bí driver bá fẹ́ ibi ìrántí tí òun àti ẹ̀rọ yóò jọ lò, kí ó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Linux pẹ̀lú dma_alloc_coherent. Kí ó má ṣe lo ioremap lórí ibi ìrántí gbogbogbòò. Orí àwọn ẹ̀rọ ni a dá a fún. Bí a bá fi set_memory_uc yí irú ojú-ìwé padà, kí a fi set_memory_wb dá a sí ipò rẹ̀ kí a tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà Linux 2.6.26, ní ọdún 2008, ni ó ti ń ṣe àkọsílẹ̀ irú ojú-ìwé lórí àwọn ẹ̀rọ x86, tí ó sì lè kọ ẹni tí ó bá tọrọ irú tí ó tako ti àkọ́kọ́. Bí a bá rí “conflicting memory types” nínú ìròyìn rẹ̀, kí a má ṣe gbójú fò ó.

Àrùn yìí burú nítorí pé kì í tètè hàn. Driver lè yege nínú ìdánwò gbogbo, kí ó sì ba fáìlì ẹni ẹlẹ́ni jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má sì rántí ibi tí ó ti wá. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín láti máa bèèrè kí wọ́n tó mú ojú-ìwé kan: ta ni ó ti mú un ṣáájú mi, irú wo ni ó sì pè é?