Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni káàdì ìwọ̀n ọmọ ti gbéra kó tó dé gbogbo ayé

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn alábọ́dé kan láàárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, yálà n'Íbàdàn ni o, l'Ákùúrẹ́ ni o, tàbí l'Ékòó, ohun kan náà lẹ óò bá. Àwọn ìyá á ti jókòó tò sórí bẹ́ǹṣì, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn tàbí lórí itan, káàdì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì á gba ọmọ, á gbé e sórí ìwọ̀n, á kọ iye kílò tó wọ̀n sórí káàdì, á sì dá káàdì náà padà fún ìyá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ìlú òyìnbó lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbèrò káàdì yìí kí wọ́n tó kó o wá bá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí. Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni dókítà òyìnbó kan àtàwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ṣe é, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n sì ti mọ̀ pé ó wúlò. Oúnjẹ ọmọ ló fa gbogbo rẹ̀.

Ọdún 1956 ni Dókítà David Morley dé Wesley Guild Hospital, ilé ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó wà n'Íléṣà, èyí tó ti di ara ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ọmọ àlùfáà ni, ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtọ́jú àwọn ọmọdé ló sì gbájú mọ́. Èrò tó bá níbẹ̀ pọ̀ ju agbára dókítà lọ. Wọ́n ń gbé ọmọ tó ti rù kan eegun wá. Wọ́n ń gbé òmíràn wá tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ ti wú, tí irun orí rẹ̀ ti pupa tó sì fẹ́lẹ́, tí awọ ara rẹ̀ ń bó, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Kwashiorkor nìyẹn, àìsàn tí Dókítà Cicely Williams ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, ní ọdún 1933. Ó ṣàlàyé nígbà náà pé àwọn ọmọ tí oúnjẹ wọn kò ju àgbàdo lọ ló ń mú.

Ilé ìwòsàn lè tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ á yá. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó gbé e dé bẹ́ẹ̀dì ló tún ń padà sílé lọ bá. Morley rí i pé àìsàn yìí kì í ṣe ohun tó ń dé lójijì. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ọmọ ti ń fà sẹ́yìn kí ìyá tó fura. Ojú lásán kò lè rí i, nítorí ọmọ náà ṣì ń ṣeré, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ sì yọ bíi ti ẹni tó yó. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wú ni gbogbo ilé tó mọ̀, ọ̀rọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sórí nígbà náà.

Kó lè mọ ìgbà tí ìfàsẹ́yìn yìí ń bẹ̀rẹ̀ gan-an, ó kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí àwọn onítàn mọ̀ mọ́ ogun Kírìjì àti àdéhùn àlàáfíà ọdún 1886. Láti ọdún 1957 ni òun àtàwọn nọ́ọ̀sì ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ìlú náà láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi ń sún mọ́ ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọ̀n wọ́n déédéé, wọ́n ń bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ, wọ́n sì ń kọ gbogbo àìsàn tó bá ṣe é sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí yẹ kó yé gbogbo òbí. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, dáadáa làwọn ọmọ náà ń dàgbà, nítorí ọmú ìyá tó wọn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọmú nìkan kò tó mọ́ tí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ mímu. Oúnjẹ tó dára ni ògì, a kò ní torí èyí bá a jà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ àgbàdo, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ohun tó ń kọ́ ara ọmọ ló ń bá eèrí àti omidùn lọ. Bí wọ́n bá tún fi omi púpọ̀ là á kó lè ṣàn, omi ló pọ̀ jù nínú ife. Ikùn ọmọ kéré. Ẹ̀kọ ṣíṣàn á kún un, ọmọ á dákẹ́ ẹkún, ìyá á rò pé ó ti yó, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò rí nǹkan kan mú dàgbà.

Ẹyin wà nílé nígbà náà o, ẹja àti ẹ̀wà náà wà. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ àgbà ni pé ọmọ tí wọ́n bá fi ẹyin àti ẹran kẹ́ yóò ya olè lọ́la. Baba ni ẹran tó tóbi jù wà fún, ọmọ ló kéré jù nílé, tirẹ̀ náà ló sì ń kéré jù nínú àwo. Bí àwo ọbẹ̀ bá fi máa kanlẹ̀, omi ọbẹ̀ ló kù fún un. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe ọmọ níkà. Ìwà rere ni wọ́n gbà pé àwọn fi ń kọ́ ọ.

Lórí èyí ni èèyi á tún wá já lu ọmọ. Ẹnu rẹ̀ á di egbò, kò ní lè jẹun, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e, ìwọ̀n kílò tó ti fi oṣù púpọ̀ kó jọ á sì run láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń wọ inú kwashiorkor. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Ìmẹ̀sí-Ilé wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán abẹ́rẹ́ èèyi wò nílẹ̀ Áfíríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Inú gbogbo ohun tí wọ́n rí yìí ni káàdì ti jáde. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń kọ sí àpótí àkọ́kọ́, tí wọ́n á wá to oṣù yòókù tẹ̀ lé e, kí nọ́ọ̀sì má baà máa ṣírò ọjọ́ orí ọmọ lákọ̀tun nígbàkigbà tó bá dé. Ìlà méjì tó ń gun òkè lọ wà lórí rẹ̀, tó ń fi ibi tí ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jẹun dáadáa máa ń bọ́ sí hàn. Wọ́n á fi àmì sí ìwọ̀n ọmọ lóṣooṣù, wọ́n á sì fa ìlà so àwọn àmì náà pọ̀. Ọmọ lè kéré lára, kó má sí ewu, níwọ̀n ìgbà tí ìlà tirẹ̀ bá ṣáà ń gòkè. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí wọ́n sáré sí, bó ti wù kó sanra tó lójú. Igun kan lórí káàdì náà wà fún ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fojú sí ọmọ kan ju òmíràn lọ: bóyá ìbejì ni, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú, bóyá kò ní ìyá tàbí baba mọ́.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé ìyá ni wọ́n fi káàdì náà sí lọ́wọ́, nínú ọ̀rá tí òjò kò lè wọ̀. Láyé ìgbà náà, inú yàrá fáìlì ilé ìwòsàn ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń wà. Morley gbà pé ìyá ni dókítà àkọ́kọ́ tí ọmọ ní. Àwọn ìyá Ìjẹ̀ṣà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, sì tọ́jú káàdì náà ju bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú fáìlì lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń wọn ọmọ, tí wọ́n ń tọ́jú wọn, tí wọ́n sì ń bá ìyá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Àwọn tí ọ̀rọ̀ tiwọn bá le nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkèmẹ̀sí tó wà nítòsí, tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń kú ní Ìmẹ̀sí-Ilé kéré sí ti ibẹ̀.

Morley padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1961, ó sì ń kọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ní ohun tó ti kọ́ n'Íléṣà. Ní ọdún 1965 ó dá àjọ TALC sílẹ̀ láti máa ta ìwé àti ohun èlò ìlera ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn ilẹ̀ tí owó wọn kò tó. Ní ọdún 1974 òun àti dókítà kan tó ń jẹ́ Shakir kọ̀wé nípa okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ, èyí táwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣì ń lò dòní. Àjọ ìlera àgbáyé gbé irú káàdì yìí jáde fún gbogbo ayé ní 1978. Nígbà tí James Grant, olórí UNICEF, sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo rẹ̀ láti gba ẹ̀mí àwọn ọmọdé là ní 1982, ìwọ̀n ọmọ ni ohun àkọ́kọ́ nínú mẹ́rin tó kà. Ọdún 2009 ni Morley kú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sílé. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera ní ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Ìwádìí náà tún fi hàn pé ìdá 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń fún ní ọmú nìkan. Káàdì yìí gbéra láàárín wa, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ nìkan ni púpọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ́ báyìí. Wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á kọ kílò sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa fa ìlà tàbí tó máa sọ fún ìyá pé ọmọ rẹ̀ kò kúrò lójú kan láti oṣù méjì. Bí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ èèyi ní oṣù 9 àti oṣù 15, ọ̀pọ̀ òbí kì í gbé e padà mọ́, nígbà tó sì jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni ìlà ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kọ ṣíṣàn ṣì ń bẹ nílé. Indomie tí kò sí ẹyin lórí rẹ̀, bisikíìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ló wá kún un báyìí. Gbogbo wọn náà ló ń kún ikùn láì kọ́ ara.

Àtúnṣe rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí ògì ọmọ ki, kó lè dúró lórí ṣíbí. Ẹ lọ edé gbígbẹ, ẹ̀pà tàbí sóyà sí i, kí ẹ sì kán epo pupa díẹ̀ sí i. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà l'Óṣòdì ti ṣe ògì alásóyà tipẹ́tipẹ́, a kàn kọ̀ láti máa lò ó ni. Ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n sì rún, mọ́ínmọ́ín, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀fọ́ gígé wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, oúnjẹ ọmọ ni gbogbo wọn. Ẹyin kì í sọ ọmọ dolè. Lóòótọ́ owó ẹyin àti ẹ̀wà ti gun òkè, ìyá tó mọ ohun tó yẹ lè má lówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ìjọba ìbílẹ̀: kí ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ wà ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé, kí nọ́ọ̀sì sì pọ̀ tó láti ráyè bá ìyá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wá káàdì ọmọ yín jáde lónìí. Ẹ gbé e lọ síbi ìwọ̀n kódà bí kò bá sí abẹ́rẹ́ tó kù láti gbà, kí ẹ máa lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fa ìlà náà lójú yín, kó sì sọ bóyá ó ń gòkè tàbí kò gòkè. Bí kò bá gòkè, ẹ má ṣe kúrò níbẹ̀ láì gbọ́ ohun tó yẹ kí ọmọ máa jẹ.