Ọkọ̀ Tí Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Ẹ Bi Í Léèrè Kí Ẹ Tó Tú U

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Jẹ́bà rí, tí ó sọdá Odò Ọya, tí ó sì forí lé Mokwa, kò ní í ṣàì mọ àwọn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 tí ń kó iṣu lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀yìn wọn a kún bámúbámú, ìdí wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, síbẹ̀ wọn a máa lọ. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ tí àwọn awakọ̀ ilẹ̀ wa fi sọ ọ́ di tiwọn. Àbúrò mi ní píkọ́ọ̀pù kan. Òun ni ó fi ń jẹun, òun náà ni ó fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún 2023, àrùn kan tí kò ní orúkọ kọlu ọkọ̀ yìí. Ní òwúrọ̀, bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ni ẹ̀rọ rẹ̀ ń dáhùn. Yóò sáré dáradára fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà yóò máa fà tìkọ̀tìkọ̀, yóò húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì kú. Bí ó ti wù kí a yí kọ́kọ́rọ́ tó, sítátà yóò máa yí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò ní í dáhùn. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá lọ jókòó sábẹ́ igi fún ogún ìṣẹ́jú, tí ó tún padà wá, yóò yí i pẹ́, yóò sì jí bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é. Kìlómítà díẹ̀ sí i, ó tún di kí á sọ̀kalẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun tí a ṣe fún un. Mẹkáníìkì èkíní ní púlọ́ọ̀gì ni. A ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin. Èkejì ní kọ́ìlì ni, nítorí pé kọ́ìlì tí ó ti ń bàjẹ́ a máa dákẹ́ bí ó bá gbóná, a sì tún máa ṣiṣẹ́ bí ó bá tutù. Òótọ́ ni, èmi kò bá a jiyàn; ṣùgbọ́n kò wò ó bóyá iná wà tàbí kò sí kí ó tó rán wa lọ sí ọjà. Ẹ̀kẹta tú káburétọ̀ palẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó ní epo àdàlù ni. Ẹ rántí pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni a kó bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí a sì ní láti kó o kúrò lọ́jà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọkọ̀ tí ó bá ti húkọ́, epo ni a ń dá lẹ́bi. Ẹ̀kẹrin ní kí á ra páǹpù epo tuntun. Owó tí àbúrò mi ná tó èyí tí ì bá fi ra táyà mẹ́rin, ọkọ̀ sì ń kú síbẹ̀. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ti ń wá kí i nílé ní ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí mo bá a lọ, ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo, epo kún táǹkì, ó sì kú sí wa lọ́wọ́ kí a tó wọ Mokwa. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Tápà, tí ó ti wa lọ́rì fún ọ̀pọ̀ ọdún, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀. Ó dìde wá bá wa. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò bèèrè sípánà, ìbéèrè ni ó ń da bo àbúrò mi: “Ọmọ mi, ṣé orí òkè ni ó máa ń kú sí ni, àbí ilẹ̀ títẹ́jú? Ṣé bí epo bá kún ni, àbí bí ó bá kù díẹ̀? Kí ni o ṣe sí i kí àrùn yìí tó bẹ̀rẹ̀?”

Àbúrò mi kò ronú kan èyí rí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: “Bàbá, ọjọ́ tí mo bá rọ epo kún un ni ó máa ń tètè kú. Bí epo bá kù díẹ̀, a máa gbìyànjú.” Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Kí n tó sọ ohun tí bàbá ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ró. Afẹ́fẹ́, epo àti iná ni. Bí a bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n, epo kan sí afẹ́fẹ́ 14.7 ni ó yẹ kí ó pàdé. Ẹ̀rọ a fún wọn pọ̀, iná a sì ṣẹ́ sí wọn ní àsìkò tí ó yẹ gan-an. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹ̀rọ kú. Nítorí náà, wíwá àrùn rẹ̀ kò ju kí á mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ó kú. Ìṣẹ́jú yẹn ni pàtàkì. Ọkọ̀ tí a fà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ kejì ti tutù, ara rẹ̀ ti yá, kò sì ní í jẹ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ bátìrì yàtọ̀: bí ó bá kú, sítátà kò ní í lágbára láti yí ẹ̀rọ rárá. Bátìrì tí ó yó tí ó sì sinmi a máa fi nǹkan bí vólítì 12.6 hàn. Tiwa ń yí ẹ̀rọ geere. Bátìrì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Bàbá yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kan, ó fi púlọ́ọ̀gì àlòkù sí ẹnu rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ dì í mú, ó gbé e ti irin ẹ̀rọ, ó ní kí á yí kọ́kọ́rọ́. Iná aláwọ̀ búlúù ń ṣẹ́ pàrà, pàrà. Ọwọ́ kọ́ìlì mọ́. Kí ó tó fọwọ́ kan epo, ó dá wáyà náà padà, ó sì yọ ti kọ́ìlì kí iná má baà ṣẹ́ mọ́, nítorí ẹni tí ó bá pa ìdánwò iná àti ti epo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè sun ọkọ̀, kí ó sì sun ara rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó já rọ́bà tí ń gbé epo wọ káburétọ̀, ó ti ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò. A yí i. Ẹ̀kán méjì, ẹ̀kán mẹ́ta, ó dá. Páǹpù tuntun, táǹkì kíkún, kò sì sí epo.

Bàbá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó tú ọmọrí táǹkì. A gbọ́ ọ: fúùùù! Afẹ́fẹ́ ń sáré wọlé bí ẹni tí a ti sé mọ́ta. Ó dá rọ́bà àti wáyà padà, a yí kọ́kọ́rọ́ títí káburétọ̀ fi rí epo mu, ẹ̀rọ sì dáhùn.

Abẹ́ ọmọrí náà ni ọ̀rá wà, ọ̀rá tí a fi ń ta omi tútù, tí a ká ní ìṣẹ́po méjì. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ni ó fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí owó bẹntiróòlù sì fò sókè, ó ní ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀ mọ́. Ọ̀rá náà dí ihò kékeré tí ọmọrí fi ń mí. Bí páǹpù ti ń fa epo jáde, kò sí afẹ́fẹ́ tí ó wọlé rọ́pò rẹ̀. Òfìfo inú táǹkì wá ń fa epo sẹ́yìn títí páǹpù fi juwọ́ sílẹ̀. Bí epo bá kún, ààyè afẹ́fẹ́ inú táǹkì kéré, ìdí nìyẹn tí ó fi ń tètè kú. Bí a bá jókòó sábẹ́ igi, afẹ́fẹ́ yóò máa yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀rá, ọkọ̀ yóò sì tún jí.

Ojú tì mí, nítorí olùkọ́ ni mí. Ọmọdé ilé wa mọ̀ pé ihò méjì ni à ń lu sí agolo mílíìkì: ọ̀kan fún mílíìkì, ọ̀kan fún afẹ́fẹ́. Bí ó bá jẹ́ ihò kan, yóò máa kán tó, tó, yóò sì dá. Èmi alára ti fi agolo yìí kọ́ ọmọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan, mo sì ti fún wọn ní máàkì lórí rẹ̀. Síbẹ̀ mo jókòó nínú ọkọ̀ tí táǹkì rẹ̀ kò rí ihò mí, mo ń ṣírò owó kọ́ìlì. À ń sọ ní orílẹ̀-èdè yìí pé a fẹ́ ṣe ọkọ̀ tiwa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í gbọ́ ohun tí à ń kọ́ ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sì í fọwọ́ kan sípánà títí ó fi gba ìwé-ẹ̀rí. Èmi kò rí ìdí tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kò fi lè kó kíláàsì rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi mẹkáníìkì ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín táàmù, kí ọ̀gá ibẹ̀ fi hàn wọ́n bí a ṣe ń dán iná wò, kí àwọn náà sì ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ìdí tí epo kì í fi í jáde nínú ohun tí a dé pa.

Ẹlòmíràn yóò ní ọkọ̀ òde òní kò ní káburétọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Páǹpù oníná ni ó ní, kọ̀ǹpútà ni ó sì ń díwọ̀n epo. Láti ọdún 1996 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí mọ́tò kéékèèké àti píkọ́ọ̀pù tuntun ní ojú tí a lè ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀, tí yóò sì kọ nọ́ńbà àìsàn síta. Ẹni tí ó ní irú èyí kò gbọdọ̀ máa fa wáyà yọ bí ti bàbá, nítorí ó lè ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò sọ ju ibi tí ara ti ń ro ẹ̀rọ lọ. Mo ti rí ẹni tí ó ka nọ́ńbà kan, tí ó sì ra ohun èlò mẹ́ta.

Bàbá kò gba owó lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a ń padà bọ̀ ní ọjọ́ kejì, a já iṣu mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ó sì wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bóyá ọ̀rá ti kúrò níbẹ̀. Ó ti kúrò. Kọ́ìlì àtijọ́, tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ṣì wà lábẹ́ àga awakọ̀ títí di òní.