Kíkọ́ Ọgbọ́n Ìwádìí fún Àwọn Olùtọpinpin Ẹ̀rí Inú Ẹ̀rọ Ayára-bí-Àṣá

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ní ayé àtijọ́, ẹnu ènìyàn ni a ti ń gbọ́ ẹ̀rí. Lóde òní, fóònù alágbèéká àti ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá náà ti di ẹlẹ́rìí, wọ́n sì ní ẹni tí ó ń gbẹnu sọ fún wọn ní ilé-ẹjọ́. Ẹni yìí ni a pè ní olùtọpinpin ẹ̀rí nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni pé mímọ irinṣẹ́ lò nìkan kò tó o. Ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọgbọ́n ìwádìí gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àpilẹ̀kọ oyè ṣe ń kọ́ ọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣìnà, máàkì ni yóò pàdánù. Bí olùtọpinpin bá ṣìnà, ẹlòmíràn ni ó lè lọ sí ẹ̀wọ̀n.

Ohun tí Òfin Béèrè

Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni ó sọ bí ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà yóò ṣe gba ẹ̀rí inú ẹ̀rọ wọlé. Wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí òfin náà ní ọdún 2023. Lára ohun tí abala yìí béèrè ni pé kí ẹ̀rọ náà jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò déédéé ní àsìkò tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson, tí ó jẹ yọ láti inú ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa ti ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ẹni tí ó mú un wá kò fi hàn pé òun tẹ̀lé abala náà. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé ọ̀nà tí a gbà rí nǹkan ṣe pàtàkì bí nǹkan tí a rí. Ohun tí à ń pè ní ìlànà ìwádìí gan-an nìyẹn.

Àbá Ju Ẹyọ Kan Lọ

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ àfinúrò kan. Ká ní wọ́n fi ẹ̀sùn kan ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ìgbògbò, ní agbègbè Ìkòròdú, pé ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìhalẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní òun ti fi fóònù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun ní agogo 12 òru. Irinṣẹ́ ìtọpinpin sọ pé agogo 11:30 alẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà jáde. Ẹni tí kò kọ́ ọgbọ́n ìwádìí yóò parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù ni ó ń fi aago àjùmọ̀lò àgbáyé, tí a mọ̀ sí UTC, tọ́jú àkókò; aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Bí irinṣẹ́ náà kò bá yí àkókò padà, agogo 12:30 òru ni àtẹ̀jíṣẹ́ jáde ní Ìgbògbò, lẹ́yìn tí fóònù ti kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀.

Nítorí náà, olùtọpinpin gbọ́dọ̀ kọ àbá mẹ́ta, ó kéré tán, sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀: olówó fóònù ni ó kọ ọ́, ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́, aago fóònù tàbí ti irinṣẹ́ kò tọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè lórí àbá kọ̀ọ̀kan pé: kí ni mo máa rí bí èyí bá jẹ́ irọ́?

Ìpamọ́ Dátà àti Àyẹ̀wò Irinṣẹ́

Ẹ̀dà ni à ń yẹ̀ wò, a kì í fọwọ́ kan ojúlówó. Iye ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní hash ni ó ń fi hàn pé ẹ̀dà àti ojúlówó bára mu. Ìlànà SHA-256, fún àpẹẹrẹ, máa ń mú òǹkà àti lẹ́tà 64 jáde. Bí a bá yí àmì kan ṣoṣo padà nínú fáìlì, iye náà yóò yàtọ̀ pátápátá.

Irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ lè purọ́. Nínú ẹjọ́ Casey Anthony ní Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 2011, wọ́n sọ fún ilé-ẹjọ́ pé ìgbà 84 ni wọ́n lọ sí ojú ìwé kan tí ó sọ̀rọ̀ nípa chloroform. Ẹni tí ó ṣe irinṣẹ́ náà ni ó padà rí i fúnra rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Irinṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ síra ni ó yẹ kí a fi yẹ èsì pàtàkì wò.

Ìtàn tí ó Ṣáájú Ẹ̀rí

Ní ọdún 2021, Nina Sunde àti Itiel Dror tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún olùtọpinpin 53 ní fáìlì ẹ̀rí kan náà, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n sọ fún wọn nípa afurasí kò dọ́gba. Àwọn tí ìtàn tiwọn dá afurasí láre ni wọ́n rí ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ. Kódà, àwọn tí wọ́n gbọ́ ìtàn kan náà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹnu kò. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe màgòmágó. Ohun tí etí ti gbọ́ ni ó ń darí ojú.

Bí a ṣe lè Kọ́ni

Olùkọ́ lè gbé irú ìdánwò yìí wọ kíláàsì. Kí ó pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì, kí ó fún wọn ní ẹ̀dà fóònù kan náà àti ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì fi èsì wéra. Fóònù tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ni kí ó lò, kì í ṣe ti ẹni ẹlẹ́ni, nítorí pé Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Nínú ìròyìn rẹ̀, kí ó ya ohun tí a rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rò. “Àtẹ̀jíṣẹ́ jáde láti inú fóònù yìí” jẹ́ ohun tí a rí. “Ọ̀dọ́kùnrin yìí ni ó fi ránṣẹ́” jẹ́ ohun tí a rò.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé àbá púpọ̀, ìpamọ́ dátà, àyẹ̀wò irinṣẹ́ àti ìṣọ́ra fún ìtàn ìṣáájú ni òpó tí iṣẹ́ yìí dúró lé. Ẹni tí ó gbọ́ ti irinṣẹ́ nìkan, tí ó sì ti dájọ́, ti di agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá.