Ìrìn-àjò káyáàkì ìrọ̀lẹ́ lórí Odò Chicago

Ìrìn-àjò káyáàkì ìrọ̀lẹ́ lórí Odò Chicago jẹ́ irú ìrìn-àjò afẹ́ kan nínú èyí tí àwọn ènìyàn díẹ̀, lábẹ́ ìdarí amọ̀nà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ń fi ọwọ́ ara wọn tu ọkọ̀ kékeré gba àárín ìlú Chicago kọjá láti ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Chicago wà ní ìpínlẹ̀ Illinois ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní etí Adágún Michigan. Ìrìn-àjò náà sábà máa ń gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ìgbà ooru ni ó máa ń wáyé jùlọ, nítorí pé omi odò náà máa ń tutù púpọ̀ ní ìgbà òtútù. Àwọn ilé awòṣífìlà tó wà létí odò ni ọ̀pọ̀ àlejò torí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n odò náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó ju ti àwọn ilé náà lọ. Fún ọdún tó pọ̀, ojú tí à ń fi wo kòtò ìdọ̀tí ni ìlú fi ń wo odò yìí. Pé ènìyàn lè jókòó sójú omi rẹ̀ lónìí fún ìgbádùn jẹ́ èso iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí.

Káyáàkì

Káyáàkì jẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ń fi àjẹ̀ tù. Àwọn Inuit àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tó ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá ayé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, qajaq sì ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Inuit. Igi tàbí egungun ẹja àbùùbùtán ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀ náà, wọn a sì fi awọ ẹran omi bò ó. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń fi í ṣe. Lónìí, ike ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń yá fún àlejò. Àwọn kan wà fún ènìyàn kan, àwọn mìíràn sì wà fún ènìyàn méjì.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni káyáàkì fi yàtọ̀ sí ọkọ̀ àjẹ̀ tí àwọn apẹja ń tù lórí ọ̀sà Èkó. Èkíní, ẹni tó ń tù ú máa ń jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó máa ń na ẹsẹ̀ síwájú, ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú omi dọ́gba. Èkejì, àjẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ ọ̀tún bá ti wa omi tán, ọwọ́ òsì yóò tẹ̀ lé e láìsí pé atukọ̀ ń gbé àjẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Jíjókòó nísàlẹ̀ báyìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ náà tètè dojú dé. Bákan náà, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá tètè rí i.

Ìtàn odò náà

Odò Chicago ní ẹ̀ka méjì, Ẹ̀ka Àríwá àti Ẹ̀ka Gúúsù, tí wọ́n pàdé ní àárín ìlú ní ibi tí a ń pè ní Wolf Point. Láti ibẹ̀ ni ojú odò gan-an ti na lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé Adágún Michigan. Ní ìparí ọ̀rúndún 18, Jean Baptiste Point du Sable, ọkùnrin oníṣòwò aláwọ̀ dúdú, tẹ̀dó sí ẹ̀bá ẹnu odò náà. Òun ni a kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ tó fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé tó dúró. Ní ọdún 2010, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá kan tó kọjá lórí odò náà ní òpópónà Michigan, èyí tí wọ́n ti ṣí fún lílò láti ọdún 1920.

Nígbà náà lọ́hùn-ún, inú adágún ni odò náà ń ṣàn sí. Bí ìlú ti ń gbòòrò ní ọ̀rúndún 19, ìgbẹ́ ènìyàn àti ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ń bá odò lọ sínú adágún kan náà tí àwọn ará ìlú ti ń fa omi mímu. Àrùn onígbáméjì àti ibà táífọ́ọ̀dù pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún 1889, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ láti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ náà. Ojútùú tí àjọ náà mú wá ni pé kí wọ́n yí odò padà. Wọ́n gbẹ́ ipa odò àtọwọ́dá kan tó gùn tó kìlómítà 45, wọ́n sì jẹ́ kí ó jìn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kúrò lọ́dọ̀ adágún lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1900. Láti ìgbà náà, omi Chicago ń gba Odò Des Plaines àti Odò Illinois lọ sínú Odò Mississippi.

Ohun tó jẹ́ ìtura fún Chicago di ẹ̀rù fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò. Ìpínlẹ̀ Missouri, níbi tí ìlú St. Louis wà, pe Illinois lẹ́jọ́ pé ìdọ̀tí Chicago yóò kó àrùn bá àwọn ènìyàn òun. Ní ọdún 1906, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dá Illinois láre, nítorí pé Missouri kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé láti Chicago ni àrùn náà ti wá.

Ibi tí ìyà jẹ odò náà jùlọ ni ìyàsọ́tọ̀ kékeré kan ní Ẹ̀ka Gúúsù tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bubbly Creek, èyí tó túmọ̀ sí odò tó ń hó. Láti ọdún 1865 títí di ọdún 1971, ọjà ẹran ńlá kan wà nítòsí rẹ̀, àwọn ilé ìpẹran tó yí ọjà náà ká sì ń da ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ẹran sínú rẹ̀. Ohun tó rà sí ìsàlẹ̀ omi náà ni ó ń mú kí ó máa hó, ìhó náà kò sì tíì tán pátápátá.

Odò náà rí ikú pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1915, ọkọ̀ èrò kan tó ń jẹ́ Eastland dojú dé ní etí odò láàárín òpópónà Clark àti LaSalle, nígbà tí wọ́n ṣì so ó mọ́ èbúté. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan àti ẹbí wọn ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń lọ ṣe fàájì. Àwọn 844 ni wọ́n kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò jìnnà sí ilẹ̀ rárá. Ojú omi yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ káyáàkì ń gbà kọjá lónìí, ọ̀pọ̀ amọ̀nà sì máa ń dúró níbẹ̀ láti sọ ìtàn náà.

Àtúnṣe

Ní ọdún 1972, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó fi dandan lé e pé kí omi odò wà ní mímọ́. Ìṣòro Chicago ni pé ọ̀pá kan náà ni omi òjò àti omi ìgbẹ́ ń gbà. Bí òjò ńlá bá rọ̀, ọ̀pá náà yóò kún àkúnya, gbogbo rẹ̀ yóò sì ya sínú odò láìjẹ́ pé a ti sẹ́ ẹ. Ní ọdún 1975, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ihò ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta kọjá nísàlẹ̀ ìlú. Ihò wọ̀nyí gùn tó kìlómítà 175 lápapọ̀, wọ́n sì parí wọn ní ọdún 2006. Iṣẹ́ wọn ni láti gba àkúnya omi náà sílẹ̀ títí di ìgbà tí ilé iṣẹ́ ìsẹ́mi yóò lè sẹ́ ẹ. Ihò náà ń darí omi lọ sínú àwọn adágún àtọwọ́dá, tí apá kan lára wọn ṣì kù láti parí. Ní ọdún 2016, ilé ìsẹ́mi tó ń da omi sí ìhà àríwá odò náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìtànṣán iná pa kòkòrò àrùn inú omi kí ó tó dà á jáde.

Àyípadà náà hàn sójú. Ní àwọn ọdún 1970, oríṣi ẹja tí wọ́n ń rí nínú odò náà kò pọ̀ rárá. Lónìí, ó ti lé ní 70. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ẹja padà wá. Ní Ẹ̀ka Àríwá, nítòsí Goose Island, wọ́n ti gbin ọgbà tó léfòó sójú omi kí ẹja àti ẹyẹ lè rí ibi ìsádi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ògiri irin.

Bí ìrìn-àjò náà ṣe ń lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ omi, amọ̀nà yóò kọ́kọ́ kọ́ àwọn àlejò ní etí odò: bí a ṣe ń di àjẹ̀ mú, bí a ṣe ń lọ síwájú, bí a ṣe ń dúró, àti bí a ṣe ń yí ọkọ̀. Gbogbo ènìyàn yóò wọ ẹ̀wù tí ń múni léfòó. Odò náà kì í ṣàn kíkan, nítorí náà ẹni tí kò tu ọkọ̀ rí lè kọ́ ọ láàárín àkókò díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìrìn-àjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀ka Àríwá, níbi tí ọkọ̀ ńlá kò ti pọ̀ púpọ̀, wọn a sì tu ọkọ̀ lọ sí gúúsù títí dé Wolf Point. Níbẹ̀ ni odò ti fẹ̀, tí ìlú sì là lójijì. Ilé aláwọ̀ ewé tó wà ní 333 Wacker Drive, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1983, tẹ̀ kọdọrọ bí odò ṣe tẹ̀, gíláàsì rẹ̀ sì máa ń gba àwọ̀ oòrùn tó ń wọ̀. Ní òdìkejì rẹ̀ ni Merchandise Mart wà, ilé gbàgbàgbà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1930. Láti ọdún 2018, wọ́n máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán tó ń rìn sára ògiri rẹ̀ tó kọjú sí odò ní àwọn alẹ́ kan nínú ọdún. Bí a bá tẹ̀ síwájú sí ìlà-oòrùn, a ó rí ilé méjì Marina City tí Bertrand Goldberg yàwòrán wọn. Àwọn ará ìlú ń fi wọ́n wé ṣùkù àgbàdo nítorí bí àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ṣe yọ jáde yíká.

Àwọn afárá wà lára ohun tí a kì í rí dáadáa bí a kò bá sí lójú omi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè là sí méjì láàárín, kí apá méjèèjì sì gbéra sókè fún ọkọ̀ ojú omi gíga. Ìdí tí ẹ̀rọ tí kò tóbi fi lè gbé wọn ni pé ẹrù wíwúwo kan wà ní ìdí apá kọ̀ọ̀kan tó bá a dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ojú àwọn kan lára afárá náà jẹ́ irin oníhò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wà nínú káyáàkì ń gbọ́ bí táyà mọ́tò ṣe ń kùn lórí rẹ̀.

Ààbò ní alẹ́

Ọkọ̀ àlejò ńlá, ọkọ̀ tákísì ojú omi àti ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n jọ ń lo odò tóóró yìí. Ọkọ̀ ẹrù kò lè tètè dúró, kò sì lè tètè yà. Ìdí nìyí tí òfin ìrìnnà ojú omi Amẹ́ríkà fi sọ pé ọkọ̀ kékeré kò gbọdọ̀ dí ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà tóóró. Káyáàkì máa ń rìn ní apá ọ̀tún, nítòsí ògiri. Bí ó bá di dandan láti kọjá sí òdìkejì, gbogbo ẹgbẹ́ náà yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò sì jọ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ní ọ̀nà tó kúrú jùlọ.

Òfin kan náà ní kí ẹni tó ń tu ọkọ̀ ní alẹ́ ní iná funfun lọ́wọ́, kí ó sì fi hàn ní àkókò tó tó láti dènà ìforígbárí. Síbẹ̀, òkùnkùn nìkan kọ́ ni ìṣòro àárín ìlú ńlá. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jẹ́ ìṣòro pẹ̀lú: iná kékeré kan lè sọnù láàárín iná fèrèsé, iná òpópónà àti òjìji gbogbo wọn lójú omi. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ kì í fi í tú ká, tí amọ̀nà sì máa ń ka àwọn ènìyàn rẹ̀ léraléra.

Ìgbì tún wà. Ní odò tó ní etí ilẹ̀, ìgbì tí ọkọ̀ ńlá bá dá máa ń kú sí èbúté. Ní àárín Chicago, ògiri kọnkéré àti irin ni etí odò, nítorí náà ìgbì yóò kọlù wọ́n, yóò sì padà wá. Wọ́n máa ń kọ́ àlejò pé kí ó kọ orí ọkọ̀ rẹ̀ sí ìgbì, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó sì máa tu ọkọ̀ nìṣó. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí ó di í mú títí amọ̀nà yóò fi dé, nítorí pé ọkọ̀ máa ń léfòó, ó sì rọrùn láti rí ju orí ènìyàn lọ. Ibi tí a lè gbà gòkè kò pọ̀ lára ògiri náà.

Ipò omi náà lónìí

Omi odò náà ti mọ́ ju ti ìgbà àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi mímu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, wọ́n ṣètò ìdíje ìwẹ̀dò nínú rẹ̀ ní àárín ìlú, irú èyí tí kò wáyé níbẹ̀ fún ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀ kọjá ohun tí àwọn ihò abẹ́ ilẹ̀ lè gbà, ìdọ̀tí ṣì lè ya sínú odò, a sì máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti yẹra fún omi náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní gbogbo ìgbà, ó yẹ kí atukọ̀ bo ojú ọgbẹ́ rẹ̀, kí ó má ṣe gbé omi odò mì, kí ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun.