Katakata Kékeré àti Irin Àsomọ́ Rẹ̀: Ìlàlóye fún Olóko

Katakata kékeré ni à ń pe katakata ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 20 sí 50 agbára ẹṣin. Agbára ẹṣin, tí àwọn òǹtajà máa ń kígbe rẹ̀ ṣáájú ohun gbogbo, jẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàárín àkókò kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá katakata náà yóò wúlò lóko tirẹ̀. Katakata kì í dá túlẹ̀, kì í sì í dá gé koríko. Irin àsomọ́, èyíinì ni ohun èlò tí wọ́n ń so mọ́ ọn lẹ́yìn tàbí níwájú, ló ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà irin ni ó yẹ kí olóko kọ́kọ́ yàn, kí ó tó wá katakata tí agbára rẹ̀ ká a.

Bí àpẹẹrẹ, oko hẹ́kítà 10 ní agbègbè Ìsẹ́yìn tàbí Ṣakí ní Òkè-Ògùn, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ kajú, tí ìyókù sì jẹ́ ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ń fẹ́ ìtúlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré lọ́dún, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti mú ilẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n koríko abẹ́ kajú kì í dúró de ẹnikẹ́ni: léraléra ni wọ́n ń gé e nígbà òjò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé e mọ́lẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, nítorí iná ìgbẹ́. Páláù onídísìkì mẹ́ta, irin ìtúlẹ̀ tí abọ́ rẹ̀ ń yí bí ó ti ń la ilẹ̀, tí ó sì máa ń gun orí gbòǹgbò àti òkúta kọjá dípò kí ó há, jẹ́ iṣẹ́ katakata ńlá tó ní bí 65 sí 75 agbára ẹṣin. Ó sàn kí olóko bẹ́ẹ̀ háyà katakata ńlá fún ìtúlẹ̀, kí ó sì ra kékeré tí yóò máa gé koríko, tí yóò máa fa tírélà ìkórè, tí yóò sì lè gba abẹ́ kajú kọjá láìfa ẹ̀ka ya. Ní ti oníṣu, ọkọ́ ni yóò ṣì kọ ebè, nítorí aporo gbọọrọ ni irin àsomọ́ tí à ń pè ní ríjà ń fà, kì í kọ ebè.

Gbogbo agbára tí wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì kọ́ ni irin àsomọ́ ń rí gbà. Àwọn irin tó ń yí, bíi ẹ̀rọ ìgékoríko tí à ń pè ní sìláṣà, ń gba agbára láti ara ọ̀pá kúkúrú kan tó yọ lẹ́yìn katakata, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní PTO, ohun tó sì ń dé ibẹ̀ máa ń dín: katakata 30 lè má fi ju bí 25 lọ síbẹ̀. Ìṣirò tó rọrùn ni pé sìláṣà ń fẹ́ nǹkan bí 5 agbára ẹṣin fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ìbú rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ bàtà 4 yóò gba bí 20, ti 5 yóò sì gba 25 yẹn tán, láìṣẹ́ nǹkan kan kù fún koríko tó ga ju orí ènìyàn lọ.

Apá mẹ́ta ni katakata fi ń gbé irin àsomọ́, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, agbára òróró inú páìpù, ìyẹn hàídírọ́líìkì, ló sì ń gbé àwọn ti ìsàlẹ̀. Nínú ìwọ̀n kìíní àwọn apá yìí, tí ọ̀pọ̀ katakata kékeré ń lò, irin ìkọ́ tó ń wọ ojú ihò apá ìsàlẹ̀ nípọn tó mílímítà 22. Nínú ìwọ̀n kejì, tó jẹ́ ti katakata tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ 28. Èyí tó nípọn kò ní wọ ihò kékeré rárá, èyí tó tín-ín-rín yóò sì máa jó nínú ihò ńlá, yóò máa lù ú káàkiri títí ihò náà yóò fi fẹ̀ sí i. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti fi wọn èyí kí owó tó jáde.

Garawa iwájú, tí ń kó yanrìn tàbí ìgbẹ́ ẹran, yẹ oko ẹran ọ̀sìn. Lóko mìíràn, tírélà ni kí wọ́n fi owó rẹ̀ rà.

Ọ̀pá PTO sábà máa ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ìró tàbí ẹnu ṣòkòtò tó bá kàn án yóò sì ti wé mọ́ ọn kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó lè fà sẹ́yìn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ra irin tí ìbòrí ọ̀pá rẹ̀ ti sọnù. Irin ẹ̀yìn ìjókòó, tí ń dáàbò bo awakọ̀ bí katakata bá dojú dé, ṣeé ká wálẹ̀ láti kọjá lábẹ́ ẹ̀ka. Bí ó bá wà ní kíká, kí awakọ̀ má de bẹ́líìtì, bí ó bá sì ti dìde padà, kí ó dè é.

Katakata tòkunbọ̀ láti Jàpáànù kì í wọ́n tó tuntun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe fún títà ní ìlú ibẹ̀ nìkan, ẹ̀yà ara wọn sì ṣòro rí. Kí olóko tó sanwó, kí ó kọ́kọ́ wá fíltà àti pèlébé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ tó sún mọ́ oko rẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kí ó ní kí òǹtajà so sìláṣà mọ́ katakata lójú rẹ̀, kí ó gbé e sókè, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má sì sún mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bí irin náà bá ti kanlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, hàídírọ́líìkì rẹ̀ ti ń jò nínú.